Aṣọ Tí A Tú ní Òkè-Bùkún

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: ṣé Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún? Ẹni kẹta tó bi mí, díẹ̀ ló kù kí n bá a jà. Yorùbá ni. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn náà bi mí ní irú ìbéèrè yẹn nípa tiwa. Obìnrin kan tó ń ta wàrà ní Kábbà fetí sí mi títí, ó wá yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀." Ìjẹ̀bú ni mí, mo sì ń kánjú lóòótọ́.

Ìbéèrè yín kejì ni pé kí ni mo lọ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn dáadáa, torí òun ni gbogbo ìrìn-àjò náà. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ẹ ń pè mí nìyẹn. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, tí dókítà ti ṣe tirẹ̀ tán, èmi ni mo máa ń kọ́ onítọ̀hún bí yóò ṣe tún máa wọ ẹ̀wù fúnra rẹ̀, bí yóò ṣe gbé ṣíbí dé ẹnu, bí yóò ṣe padà sídìí iṣẹ́ tó mọ̀. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtọ́jú ọpọlọ kún ti ara. Kì í ṣe fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra nìkan o. Ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì já gaara gan-an la ń wá, kó má baà ra. Ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. A óò ní kí àgbàlagbà máa rìn, kó sì máa dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti orí àbíkẹ́yìn wá sórí àkọ́bí. Ẹ dán an wò nínú ilé yín, ẹ óò rí i pé ẹsẹ̀ á fẹ́ dúró kí ẹnu tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa lọ, ẹnu náà á máa lọ. Ibẹ̀ ni à ń lọ.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló ń wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù díẹ̀ ní Kábbà àti àwọn abúlé tó yí i ká. Ọ̀gá mi ní kí n má lọ. Ó ní àwọn ará oko kò ní gbà kí wọ́n máa kọ́ àgbà wọn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi di ẹrù. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí o bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan, kí o sáà ti sọ pé kò ní ṣeé ṣe.

Kábbà

Àpáta ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bí a ṣe kọjá Ìyárá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, ńláńlá, dúdú, bí àwọn àgbà tó jókòó tí wọn kò ní í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ìlú náà sì wà láàárín wọn, ó fara balẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, eruku bò mí, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó ní, "Okun o." Mo rò pé ó ń bi mí bóyá ó ti rẹ̀ mí. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ìkíni wọn ni, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo ilẹ̀ wọn ní ilẹ̀ Okun. Ẹni tó ń ti oko bọ̀, okun. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, okun. Ẹni tó bá kọjá láì kí ènìyàn ní Kábbà, àfi kó jẹ́ pé inú ń bí i.

Ilé Ìye Rábí ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Ìye ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Opó ni Ìye Rábí, Mùsùlùmí, ó ti ta ẹ̀gúsí àti irú pẹ́ lọ́jà Kábbà kó tó fìdí mọ́lé. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ mi, kí ló ṣe é?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Ìye. Kíkan rẹ̀ la fẹ́ràn."

"Tò," ó ní, ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ọlọ́run á ṣàánú yín lọ́hùn-ún."

(Mo ti tún ọ̀rọ̀ wọn kọ sí irú Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Bí mo bá ní kí n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, èmi ni wọn yóò fi ṣẹ̀sín, wọn yóò sì jàre.)

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì bọ́jú tán tí mo ń gbọ́ ìró odó. Iyán ni, funfun, ó ń fà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo sọ fún un pé nílé wa, tíì àti búrẹ́dì ni à ń fi panu láàárọ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn, ó ní, "Kí wá ni o fẹ́ fi ṣiṣẹ́?" Mo jẹ ẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí èmi fúnra mi fi ń bínú bí odó bá pẹ́ kó tó dún.

Ṣùgbọ́n ojú oníṣẹ́ kì í sinmi. Mo rí i pé ọbẹ̀ Ìye Rábí lè dùn lónìí, kó sì jẹ́ pé lọ́la, iyọ̀ ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i tó kírun àlásàrì tán, tó ká ẹní, tó jókòó, tó tún dìde lọ gbé kẹ́tùlù láti ṣe àlùwàlá fún ìrun kan náà. Mo ní kó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn àgbàlagbà tí mo ń kó jọ. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Àwọn tó ń ṣarán ni kó o lọ bá."

Ní ti àwọn àgbàlagbà Kábbà, mo fẹ́ràn wọn. Bàbá kan tó ti ṣe sójà rí sọ pé ìyà ni mo fẹ́ fi jẹ òun nígbà tí mo ní kó máa rìn kó sì máa ka orúkọ. Nígbà tó yá, òun náà ló ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Àwọn ọmọ wọn ni ìṣòro mi. Ní ilẹ̀ Okun, bí bàbá bá ṣe bí ẹni fẹ́ tẹ̀ mú bàtà, ọmọ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bí ìyá bá na ọwọ́ sí ife omi, ife omi ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ìwà tó dára ni, mo mọ̀. A ní tiwa náà nílé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí àìsàn ti mú, bí a kò bá jẹ́ kó ṣe nǹkan kan, kò ní í ṣe nǹkan kan mọ́ títí ayé.

Òkè-Bùkún

Ìye Rábí ló sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ọkọ ló gbé Ìye Rábí wá sí Kábbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìye Dúpẹ́, kò kúrò nílé, ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ ní tirẹ̀, aṣọ ló sì ń hun. Rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú lápá ọ̀tún. "Kò jọ ọ́ kó jókòó lásán," Ìye Rábí wí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Bí a ṣe jọ lọ nìyẹn.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi, kí wọ́n tó bi mí ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni iṣu sísun dé pẹ̀lú epo pupa, tí ata díẹ̀ àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀. N kò tíì jẹ iṣu tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ ní ọjà Òkè-Agbò ni iṣu wà. Gbogbo agboolé wá wo ẹnu mi bó ṣe ń jẹun. Àlejò ni mí, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo rí òfì. Igi gíga ni, ó dúró ti ògiri, aṣọ sì wà lára rẹ̀ tí a hun dé àárín. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń hun ún lọ sókè. Wọ́n ti fi ìró àtijọ́ bò ó lórí bí ẹni bo òkú. Nígbà kan rí, àwọn obìnrin Bùnù làwọn ọba ń ránṣẹ́ sí bí wọ́n bá fẹ́ aṣọ gidi. Lónìí, nínú agboolé yẹn, Ìye Dúpẹ́ nìkan ló kù. Aṣọ tó wà lára òfì, ti Títí ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Ìyárá, tí yóò lọ ilé ọkọ lẹ́yìn ìkórè. Gbogbo ọmọbìnrin tó jáde nílé yẹn ló wọ aṣọ tí Ìye Dúpẹ́ hun. Àbọ̀ ni ti Títí wà tí àìsàn fi dé.

Dúpẹ́, àkọ́bí ìyá náà, bàbá Títí, gba àlejò mi tìfẹ́tìfẹ́. Àgbẹ̀ ni, ó tóbi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Òun ló ń bọ́ ìyá rẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń gé iṣu wẹ́wẹ́ tó ń fi í sẹ́nu ìyá, ìfẹ́ inú rẹ̀ wú mi lórí, inú sì ń bí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mú un."

"Háábà, Nọ́ọ̀sì. Ìye mi ti ṣiṣẹ́ tó láyé. Kí wọ́n sinmi."

"Ìsinmi yìí ni yóò jẹ ọwọ́ náà tán."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lu ìyá rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ó sì wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó já gaara. "Ẹ gbé mi lọ síwájú òfì."

Wọ́n gbé e lọ. Ó fi ọwọ́ òsì fa ìró àtijọ́ náà kúrò. Ó wo aṣọ náà títí. "Bí mo bá kú lónìí, aṣọ àbọ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún ọmọ. Nọ́ọ̀sì, ṣé ọwọ́ yìí á tún hun aṣọ?"

N kì í purọ́ fún aláìsàn. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n a ó jọ bá a wọ̀jà. Ó ní ó dára, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí igi òfì kó lè máa rántí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó máa yí òwú láàárín àtẹ́lẹwọ́, kó sì máa sọ fún mi, láì wo aṣọ, àwọ̀ tó kàn àti èyí tó tẹ̀lé e. Aṣọ ọ̀hún, pupa wà, funfun wà, dúdú wà, wọn kì í sì í tò tẹ̀lé ara wọn bí ènìyàn ṣe rò. Orí rẹ̀ pé. Ọwọ́ ni kò gbọ́ràn. Ìka àti àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè pàdé láti di òwú mú. Ìye Rábí ní òun á dúró ti ẹ̀gbọ́n òun, èmi sì padà sí Kábbà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ wò wọ́n.

Aṣọ tó ń ga

Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà lọ, aṣọ ti ga sí i. Ojú mi kò gbà á gbọ́. Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ń wò mí bóyá inú mi dùn. Inú mi dùn dé ibi pé mo jó níwájú òfì, èmi tí n kì í jó. Nígbà tí mo tún padà lọ, ó ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yà á sí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan péré: "Ẹ wò ó."

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò dọ́gba. Bí aṣọ ṣe ń ga ni Ìye Dúpẹ́ ń rẹlẹ̀. Ó ti ń dákẹ́ jù. Bí mo bá ní kó ka àwọ̀ òwú fún mi, á ní kí n jọ̀wọ́ òun. Bí mo bá fi òwú sáàárín ìka rẹ̀, òwú á já bọ́. Èmi tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo ń wo ọwọ́ tí kò lè di òwú mú, mo ń wo aṣọ tó ń ga, n kò sì bi ara mi léèrè. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ rí, ojú rẹ̀ á máa rí i.

Lọ́jọ́ kan tí mo dé, ó kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í.

"Nọ́ọ̀sì, iyè mi ti lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Ìye?"

"Wọ́n ní èmi ni mo hun aṣọ yẹn. Wọ́n ní bí mo bá jí lọ́sàn-án ni mo máa ń hun ún. N kò rántí. Mo wá a títí nínú orí mi, n kò rí i." Omi ń jáde lójú rẹ̀. "Ọwọ́ lọ, mo fara mọ́ ọn. Iyè náà ti wá lọ."

Ẹ̀yin ará ilé mi, àyà mi já. Rọpárọsẹ̀ a máa jí iyè ènìyàn gbé lẹ́yìn tó ti gba ọwọ́, mo ti rí i rí. Mo dìde, mo lọ dúró níwájú òfì, torí n kò fẹ́ kó rí ojú mi. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rí tẹ̀sùbáà. Wọ́n fi kọ́ igi òfì lápá òkè, níbi tí ẹni tó ń hunṣọ lè fi nǹkan kọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè.

Mo mú un, mo gbé e sókè. Mo ní, "Ìgbà wo ni Ìye Dúpẹ́ di Mùsùlùmí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìye Rábí, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Dúpẹ́ sorí kọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé, ẹ ó wo aṣọ yẹn kí ẹ tó wo ẹnikẹ́ni. A kì í jẹ́ kí àlejò padà lọ́wọ́ òfìfo. Ìye Rábí mọ aṣọ hun nígbà ọmọge, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Bí Ìye mi bá sùn lọ́sàn-án ni wọ́n ń hun ún."

"Ẹ wá sọ fún ìyá yín pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n hun ún?"

"A rò pé á dùn mọ́ wọn nínú."

Inú bí mi débi pé èdè Ìjẹ̀bú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ gidi sọ, mo ní, "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ fá orí ìyá yín lẹ́yìn wọn, ẹ tún wá ní àwọn ni wọ́n fá a!"

Ẹ tú u

Ohùn Ìye Dúpẹ́ ló dá mi dúró. Ó ti yíjú kúrò lára ògiri.

"Nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé iyè mi kò lọ?"

"Kò lọ síbì kankan, Ìye. Ohun tí ẹ kò ṣe ni wọ́n ní kí ẹ rántí."

Ó fi ọwọ́ òsì nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, láti orí ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá títí dórí Títí tó jẹ́ àgbà, kò fo ẹnì kankan, kò dúró mí. Nígbà tó dé orí Títí, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ́ sápá kan ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, mo sì sunkún níwájú gbogbo wọn, ojú kò tì mí. Ó wá wo aṣọ náà.

"Ẹ tú u."

"Ìye, ìgbéyàwó ti dé tán," Dúpẹ́ wí. "Ibo la ti fẹ́ rí àyè?"

"Mo ní kí ẹ tú u. Èyí tí Rábí hun, kí ó kúrò. Aṣọ tí n kò hun, n kò ní í pè é ní tèmi."

Dúpẹ́ dìde, ọmọ rere, ó na ọwọ́ sí òwú. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ta ló ní kí ìwọ tú u?"

A gbé e síwájú òfì. Mo mú etí òwú tó wà lókè pátápátá, mo fi sáàárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ ọ̀tún. Ó fà á. Ó já bọ́. Ó tún fà á, ó tún já bọ́. Kò wò mí, kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, òwú náà jáde díẹ̀, ó dúró, ó tún jáde, ó sì bọ́ tán sórí itan rẹ̀.

Mo jókòó, mo la ẹnu sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń wá ohun tí yóò rọrùn fún ìka yẹn láti ṣe. Híhun le fún un: ó gbọ́dọ̀ kó òwú gba ibi tóóró, kó lù ú mọ́ra. Títú kò béèrè ju kó dì í mú kó fà á. Àánú ni wọ́n fi hun aṣọ yẹn, ìbínú ló sì fẹ́ fi tú u. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó mú ọwọ́ ṣiṣẹ́ bí ìbínú ìyá yẹn.

Mo ní kí Ìye Rábí jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n ń fa òwú, àbúrò ń ká a, ó sì gbọ́dọ̀ sọ àwọ̀ tó kàn kí ẹ̀gbọ́n tó fà á. Bí ó bá ṣì í, ẹ̀gbọ́n á kẹ́gàn rẹ̀: "Ìwọ lo hun ún, o kò mọ̀ ọ́n!" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo rántí ohun kan. Ó pẹ́ tí n kò ti bá iyọ̀ ẹni méjì nínú ọbẹ̀ tí Ìye Rábí máa ń sè fún mi bí mo bá wá sí Òkè-Bùkún. Ẹni tó ní kí n lọ bá àwọn tó ń ṣarán ti fi aṣọ híhun tún iyè ara rẹ̀ ṣe, àṣírí ló sì fi ṣe é. Mo sọ fún un. Ó ronú sí i. "Bí iyè mi bá ti pé bí o ṣe wí yẹn," ó ní, "ṣé ìwọ ì bá rí tẹ̀sùbáà mi?" Láti ọjọ́ náà, kò tún kọ̀ bí mo bá ní kó wá ka orúkọ.

Títí dé láti Ìyárá lópin ọ̀sẹ̀. Ó bá aṣọ rẹ̀ ní kíkúrú ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, torí nígbà tí Ìye Dúpẹ́ tú ti Rábí tán, ó rí ibì kan tó wọ́ nínú tirẹ̀ àtijọ́, ó tú ìyẹn náà. Omi kún ojú ọmọ náà.

"Ìye, kí ni mo máa wọ̀?"

"Wọ èyí tó bá wù ọ́, kó o lọ ilé ọkọ rẹ. Aṣọ á bá ọ níbẹ̀." Ó ń fa òwú bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ṣé mo ti sọ fún ọ pé mo ti parí iṣẹ́ ni?"

Títí kúnlẹ̀ tì í. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ gbéra láti bá ìyá rẹ̀ àgbà mú òwú, mo sì rí i tó tún ká a kò, tó gbé e sórí itan.

Ojú ọ̀nà

Ọjọ́ tí mo máa padà wálé, mo lọ sí Òkè-Bùkún láti dágbére. Iyán ni wọ́n fi gbà mí, mo sì jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Ìye Dúpẹ́ ti jókòó síwájú òfì; ọ̀pá ló fi rìn débẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í gbé e mọ́. Ó ní kí n wò ó. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kó òwú pupa bọ àárín òwú tó nà sókè, ó ń tì í, ó ń dúró, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mira nínú ilé. Dúpẹ́ di ọwọ́ ara rẹ̀ mú sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè. Òwú náà jáde lápá kejì. Ìye Rábí gbé ọ̀pá pẹlẹbẹ fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì lù ú mọ́lẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ó wọ́ díẹ̀. Kò tú u.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo ṣe yọrí lọ́hùn-ún, ọ̀gá mi náà ti bi mí. Aṣọ tí mo bá dé àárín ni mo fi sílẹ̀ ní kíkúrú. N kò tíì ṣe iṣẹ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílẹ̀ Okun, a kì í fi àlejò sílẹ̀ kó dá lọ. Gbogbo ilé dìde láti sìn mí dé ojú títì. Mo wẹ̀yìn wo báàgì mi, n kò rí i nílẹ̀. Ìye Dúpẹ́ ló gbé e. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì, báàgì náà sì ń fà á sápá kan bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti tẹ̀, ọwọ́ mi ti nà láti gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà.

"Nọ́ọ̀sì," Dúpẹ́ wí lẹ́yìn mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn."

Mo ká ọwọ́ mi kò. Ìye Dúpẹ́ kọjá lára mi, kò wẹ̀yìn, gbogbo wa sì ń tẹ̀ lé e lọ sójú títì.